Ìṣàrò Òwúrọ̀: Kòtò Kúlúsọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ṣífítì alẹ́ bọ̀, ẹ kú àìsùn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ afárá Sango, ẹ kú ìdúró. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀ ju ti àná lọ, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Bíbélì kíkà: Òwe 6:1-11. Ẹ fi Sáàmù 10:8-10 kún un.

Gbogbo wa la mọ ẹsẹ kẹfà nínú orí yìí, níbi tí wọ́n ti rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà. Àwọn olùkọ́ wa ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti fi ẹsẹ yẹn bá wa wí tó nígbà tí a wà ní kékeré. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí ni pé ẹsẹ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ kò bá ọ̀lẹ wí rárá. Ọ̀rọ̀ gbèsè ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onídùúró, ọ̀rọ̀ tó sọ wá di okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ìmọ̀ràn tí Sólómọ́nì gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó má sùn, kó má tòògbé, kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ bẹ̀bẹ̀, kó sáré já ara rẹ̀ gbà bí ẹranko ṣe ń já gbà lọ́wọ́ ọdẹ. Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló wá dárúkọ èèrà. A kọ́kọ́ bá pańpẹ́ pàdé ká tó bá èèrà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ti ń yí lọ́kàn mi. Èèrà kì í ṣe ọ̀lẹ, ta ni kò mọ̀? Síbẹ̀, kòtò kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé torí èèrà gan-an ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Àwọn tó sì ń kó sínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó sùn sílé. Èyí tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ni.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé yín, níbi tí òrùlé ti bo ilẹ̀ tí òjò kì í fi í débẹ̀, tí iyanrìn ibẹ̀ gbẹ tó sì kúnná. Tàbí kí ẹ wọ inú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ọ̀tà títí lọ dé ọ̀nà Àtàn. Ẹ ó rí àwọn kòtò kéékèèké tó rí roboto, tó dín lẹ́nu ìsàlẹ̀ bí àrọ tí àwọn elépo fi ń rọ epo. Àwọn ọmọdé mọ ẹni tó ni ín. Kúlúsọ ni. Wọ́n á já koríko, wọ́n á fi rú ìdí kòtò náà kí kúlúsọ lè rò pé oúnjẹ dé. (Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tó ń wá a nítorí oògùn. Ìyẹn kọ́ la bá wá láàárọ̀ yìí.)

Kúlúsọ kò tíì dàgbà nígbà tó wà nínú kòtò yẹn o. Ọmọ ni. Tó bá dàgbà tán, yóò fi òwú tó ń ti ara rẹ̀ jáde so iyanrìn pọ̀ yí ara rẹ̀ ká, yóò sùn sínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni yóò jáde tòun ti ìyẹ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá rí i nídìí iná lálẹ́, lámilámi lẹ máa pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ, ara rẹ̀ rí rọ̀gọ̀dọ̀ bí ẹ̀wà, ó ní irun, ẹ̀yìn ló sì máa ń fi rìn. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ṣọ́bìrì. Tó bá fẹ́ gbẹ́ kòtò, yóò fi ẹ̀yìn rìn yíká, yóò máa fi orí da iyanrìn síta, láti ẹ̀bá títí dé àárín, bí ìlà ara ìkarahun ìgbín ṣe ń yí wọlé. Kòtò náà lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Nígbà tó bá parí, yóò rì ara rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò kù síta. Ó di kó dúró.

Kí ló wá dé tí èèrà, tó mọ igi gùn, tó mọ ògiri gùn, kò lè gun ẹ̀gbẹ́ kòtò kékeré yìí jáde? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ búlọ́ọ̀kù lè dá wa lóhùn. Nígbà tí típà bá da iyanrìn gbígbẹ sílẹ̀, òkìtì náà máa ń ga débi kan ni, kì í ga jù bẹ́ẹ̀. Ẹ da ṣọ́bìrì kan sí i lórí, yóò yọ́ wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré gùn ún, bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sókè ni iyanrìn ń gbé e padà sísàlẹ̀. Ibi tí òkìtì iyanrìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ yẹn gan-an ni kúlúsọ ń gbẹ́ ògiri kòtò rẹ̀ dé. Iyanrìn tó kúnná ló sì máa ń kù sínú rẹ̀, torí ó ti da èyí tó rí wóróko síta. Nítorí náà kò nílò okùn, kò nílò ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ èèrà fúnra rẹ̀ ló ń wó ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Bó bá ṣe ń làkàkà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ sísàlẹ̀ tó.

Bí èèrà bá sì ní agbára, tó ti fẹ́ dé ẹnu kòtò, kúlúsọ ní ohun mìíràn lọ́wọ́. Kò ní jáde lé e. Yóò dúró síbi tó wà, yóò máa fi orí ju iyanrìn sókè. Iyanrìn náà á bà lé èèrà lára, á sì tún wó ẹ̀gbẹ́ kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèrà á tún yọ́ wálẹ̀. Nígbà tó bá dé ìdí kòtò, ẹnu méjì tó tẹ̀ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ló máa gbá a mú. Ihò wà nínú ẹnu yẹn. Ó máa fi tú oje sí èèrà nínú, oje náà á yọ́ ohun tó wà nínú èèrà di omi, kúlúsọ á fà á mu tán, á sì ju èèpo rẹ̀ síta. Bí ẹ bá wo ẹ̀bá kòtò dáadáa, ẹ lè rí àwọn èèpo náà. Láti òkèèrè, ẹ ó rò pé èèrà ṣì ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹbí rẹ̀ ló ń gbẹ́ kòtò. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti kà lágbàáyé lé ní 1,500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn ń sá pamọ́ ni, wọn kì í gbẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sùúrù ló pa gbogbo wọn pọ̀. Kúlúsọ lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfẹnu kan nǹkan kan, kó má sì kú. Bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ ba kòtò rẹ̀ jẹ́, yóò tún un gbẹ́.

N kò ní pe kúlúsọ ní èṣù o. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni, ìdí oúnjẹ tirẹ̀ ló wà. Sáàmù 104 sọ fún wa pé àwọn ọmọ kìnnìún pàápàá, ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ wọn. Àmọ́ nígbà tí Sáàmù 10 ń sọ̀rọ̀ èèyàn búburú tó lúgọ sí ibùba láti mú tálákà, ìṣe ọdẹ tó ń dúró de ẹran ló fi ṣe àpèjúwe fún wa, ká lè mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá rí i. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ní àdúgbò ilé iṣẹ́ yìí, àwa mọ bí oṣù ṣe ń rìn. Owó oṣù á wọlé, owó ilé á mú tirẹ̀, owó ilé ìwé á mú tirẹ̀, owó ọkọ̀ láti Ìfọ̀ tàbí Agbára wá síbi iṣẹ́ ń mú tirẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó bá di bí ogúnjọ́ oṣù, ilẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù máa ń dún: “Gba ₦20,000 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí onídùúró, kò sí ohun ìdógò.” Ibi tí èèrà ń gbà kọjá ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò sí. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè kì í ṣe ọ̀lẹ, torí ọ̀lẹ kò ní owó oṣù tí wọ́n máa gbà. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ká sọ pé ẹ gba ₦20,000 náà. Wọ́n á ti yọ èlé kó tó dé ọwọ́ yín, ó lè jẹ́ ₦14,000 ló máa wọlé, ṣùgbọ́n ₦20,000 lẹ máa san láàárín ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá. Ọjọ́ pé, owó kò tíì wọlé. Ẹ wá lọ yá tòmíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ kan gòkè, iyanrìn yọ́. Ẹ tún yá ẹ̀kẹta láti fi san ẹ̀kejì. Ẹ ṣe ṣífítì méjì papọ̀ nítorí rẹ̀, ẹ kò jẹun ọ̀sán mọ́, ẹ sì ń sọ lọ́kàn pé “Bí mo bá lè tẹra mọ́ ọn díẹ̀ sí i, màá jáde.” Ará, nínú kòtò yìí, ìtẹramọ́ṣẹ́ kọ́ ló ń gbé èèyàn jáde. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwa tí wọ́n fi ìṣẹ́ ṣíṣe tọ́ dàgbà.

Bí ẹ bá wá ń sún mọ́ ẹnu kòtò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ju iyanrìn. Wọ́n á pe ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Wọ́n á pe ìyá yín lábúlé. Wọ́n á fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù yín pé olè ni yín, àwọn mìíràn á lẹ fọ́tò yín mọ́ ọn. Kì í ṣe ìtàn o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, èyí tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kó òṣìṣẹ́ wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù ní Ìkẹjà. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google náà ti ní áàpù ẹ̀yáwó kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú àkójọ orúkọ àti fọ́tò tó wà nínú fóònù oníbàárà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń dójú tì yín báyìí, òun ló ń rú òfin. Gbèsè jẹ́ gbèsè, ẹ ó san án. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n fi ìyá yín ṣe ẹlẹ́yà.

Ọdẹ mìíràn wà tí kì í gbẹ́ kòtò. Ní ọgbà ẹranko Comoé ní Côte d'Ivoire, àwọn kòkòrò kan wà tí àwọn olóyìnbó ń pè ní assassin bug. Ọmọ wọn máa ń fi eruku bo gbogbo ara rẹ̀. Bó bá pa èèrà, á fi ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ fa inú rẹ̀ mu, lẹ́yìn náà á gbé òkú èèrà náà pọ̀n sẹ́yìn. Òmíràn á pọn òkú jọ títí tí ẹ ò fi ní rí kòkòrò fúnra rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2002, Miriam Brandt àti Dieter Mahsberg tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ohun tí ẹrù yìí wà fún. Òkú tó pọ̀n sẹ́yìn ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó lè pa òun náà jẹ, bí ọmọńlé. Eruku ara rẹ̀ ní tirẹ̀ ló ń tan èèrà. Òórùn àti ìfọwọ́kàn ni èèrà fi ń mọ ọ̀tá. Èèrà á sún mọ́ ọn, ohun tí yóò bá pàdé kò ní yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó ti ń rìn lórí rẹ̀ láti àárọ̀.

Ẹ rántí MMM. Kì í ṣe àjèjì ló mú un wọ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n wa ni, ọ̀rẹ́ wa níbi iṣẹ́ ni, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ akọrin ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 tí Kérésìmesì ku díẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn owó. A sunkún, a nu ojú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ló sì gbà wọlé: àwọn tí a mọ̀, àwọn tó ń fi owó tí wọ́n ti gbà hàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pè wá sí i kò mọ̀ pé eruku ara ọdẹ ni àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, tí wọ́n so káàdì mọ́rùn, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó rí iṣẹ́ káṣúà. Aṣọ wa ni wọ́n wọ̀. Ẹ má fi aṣọ dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ wọ ọ́fíìsì, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí àga bóyá wọ́n ń gba èèyàn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi fi ara balẹ̀ gbọ́, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Kòkòrò kan wà tó ní àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ gùn, ó máa ń ká apá méjèèjì jọ síwájú àyà bí ẹni tó wà lórí eékún. Àwọn olóyìnbó ń pè é ní praying mantis, ìyẹn kòkòrò tó ń gbàdúrà. Àdúrà kọ́ ló ń gbà. Ẹ̀gún ló kún inú apá tó ká jọ yẹn. Ó lè dúró láìmira fún ìgbà pípẹ́, kí tata tàbí eṣinṣin rò pé ewé ni. Nígbà tí ẹran bá wọ ibi tí apá rẹ̀ dé, kì í tó ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi ń nà án mú un.

Irú rẹ̀ kan tó wà nílẹ̀ Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sphodromantis lineola, ni àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìwádìí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìda oyin lẹ awò kékeré mọ́ ọn lójú, wọ́n sì ń fi fíìmù hàn án! Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ojú méjèèjì ló fi ń wọn bí ẹran ṣe jìnnà sí i tó. Ní 2018 wọ́n tún sọ pé ohun tó ń mira ni ojú rẹ̀ fi ń ṣe ìwọ̀n yẹn. Ẹ gbọ́ o, ohun tó ń mira. Ẹni tó ń jáde, tó ń wọlé, tó ń wá ọ̀nà, òun ni ọdẹ yìí ń wò.

Bí ìdààmú bá bá èèyàn, ọ̀nà ilé àdúrà ló máa ń gbà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lójú ọ̀nà yẹn tó ká apá jọ. Wọ́n á bi yín ní iye tí ẹ ń gbà lóṣù kí wọ́n tó bi yín ní orúkọ. Wọ́n á rí i pé ẹnì kan ń ti ẹ̀yìn bọ́ ọ̀rọ̀ yín lójú, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá yín tàbí aya yín, wọ́n á sì dárúkọ owó ẹbọ tí wọ́n ń pè ní ọrẹ. Mátíù 7:15-16 kò ní ká wo bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀. Èso ló ní ká wò. Èmi ajíhìnrere ni mò ń sọ ọ́, ẹ wo èmi náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú kòtò. Ẹnì kan wà tó ń ka èyí tó ti wà nínú rẹ̀ báyìí, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí ẹni yẹn ni mo ṣe kọ gbogbo èyí.

Ní ilẹ̀ Faransé, èèrà kan wà tó ń gbé ibi oníyanrìn, Cataglyphis cursor lorúkọ rẹ̀. Elise Nowbahari, Karen Hollis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèrà yìí máa ń ṣe bí ọ̀kan nínú wọn bá há. Wọ́n fi òwú ọ̀rá tó tín-ín-rín so èèrà kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi iyanrìn bo apá kan lára rẹ̀. Ìwádìí náà jáde ní 2009. Àwọn ọmọ ilé rẹ̀ sáré dé. Wọ́n wa iyanrìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n fà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí fífà kò ràn án, wọ́n wa ilẹ̀ títí wọ́n fi kan òwú náà, òwú yẹn gan-an ni wọ́n sì ń gé jẹ. Wọn kò gé ẹsẹ̀ ẹni wọn jẹ, bẹ́ẹ̀ òwú kì í ṣe ohun tí wọ́n rí rí láyé wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèrà ilé mìíràn. Wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé wọn tí wọ́n fi òtútù pa lára tí kò lè mira. Àwọn onímọ̀ náà gbà pé èèrà tó há máa ń tú òórùn kan jáde, òun ni igbe rẹ̀. Èyí tí kò ké, ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí ni mo rí nínú Òwe 6 tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Sólómọ́nì kò sọ fún onígbèsè pé kó lọ ṣiṣẹ́ sí i. Ọ̀lẹ ló sọ ìyẹn fún, ẹsẹ kẹfà nìyẹn. Onígbèsè, ó ní kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ bẹ̀bẹ̀, lónìí, kó tó sùn. Ìtìjú ló ń mú ká gbọ́ ti ẹsẹ kẹfà ká sì fo ẹsẹ kẹta. Ó rọrùn fún wa láti ṣe ṣífítì mẹ́ta ju ká sọ fún èèyàn kan pé, “Mo jẹ gbèsè, apá mi kò ká a.” Oníwàásù 4:10 sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó bá ṣubú tó jẹ́ òun nìkan.

Nítorí náà, kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán lónìí, ẹ pe ẹnì kan ṣoṣo. Kó má jẹ́ ẹni tó máa yá yín ní owó mìíràn láti fi dí ihò. Ẹ pe ẹni tó lè jókòó tì yín, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ àti iye sórí ìwé. Ẹ sọ fún ìyàwó yín, ẹ sọ fún ọkọ yín, kí àjèjì tó sọ fún wọn. Ẹ dúró, ẹ má yá òmíràn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ẹ jẹ lówó pé iye báyìí lẹ lè máa san lóṣù. Bí wọ́n bá ń halẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jáde wọn, kí ẹ fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC. Ẹ̀yin tí wọ́n sì máa pè lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Mo sọ fún ọ.” Òwú ni kí ẹ gé. Ẹ má gé ẹsẹ̀.

Àdúrà: Bàbá wa, àwọn ọmọ Rẹ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀ yìí, mú wọn délé ní àlàáfíà. Ẹni tó ti pa fóònù rẹ̀ láti àná nítorí àwọn tó ń pè é, fún un ní ìgboyà láti tan án, kó pe arákùnrin rẹ̀ tàbí arábìnrin rẹ̀ kan, kí ẹni náà sì gbé e. Ní orúkọ Jésù. Àmín.